Bí fọ́tò òde àríyá ẹ ṣe lè mọ́ kedere

Fọ́tò tó ń jáde bíi pé kùrukùru bò ó yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹjọ́ fóònù, ọ̀rá ọwọ́ ló wà lójú kámẹ́rà, fi aṣọ tó mọ́ nù ún. Lábẹ́ kánópì, má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìta wà lẹ́yìn ẹni tóo fẹ́ yà o, ojú ẹ̀ á dúdú, ní kó kọjú síta, kóo wá wo bí aṣọ òkè ẹ̀ á ṣe máa tàn.

Tóo bá délé, pa àwọn tó bàjẹ́ rẹ́, 15GB péré ni àyè tí Google ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti tọ́jú fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì ẹ náà sì ń jẹ nínú ẹ̀. Tóo bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ bíi document, kó má baà dín bó ṣe mọ́ kù. Ó máa jẹ dátà ṣá.