Wi-Fi ti kọnẹ́ẹ̀tì, láptọ́ọ̀pù ò bráwùsì: ẹ wo firewall

Tí Wi-Fi bá ti kọnẹ́ẹ̀tì, tí àmì ẹ̀ kún dáadáa, síbẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù ò ṣí nǹkan kan, ẹ má tíì ra dátà míì o. Ẹ mú fóònù, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi yẹn kan náà, kẹ́ ẹ sì pa dátà orí fóònù, torí tẹ́ ò bá pa á, dátà inú síìmù ló máa ṣiṣẹ́, ẹ ó sì máa rò pé Wi-Fi ni. Tí fóònù bá bráwùsì, ọwọ́ láptọ́ọ̀pù lọ̀rọ̀ sábà máa ń kù sí: ó lè jẹ́ firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè wọlé tàbí jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló dí ọ̀nà.

Lórí Windows, ẹ tẹ cmd síbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe sáàṣì, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ kọ ping 8.8.8.8, ti Google nìyẹn, lẹ́yìn náà ping google.com. Ping máa ń ránṣẹ́ síbì kan láti mọ̀ bóyá á fèsì. Tí nọ́ńbà bá fèsì tí orúkọ ò fèsì, DNS, tó ń yí orúkọ sáìtì padà sí nọ́ńbà, ló há, bóyá wọ́n ti dí port 53, ọ̀nà tí DNS ń gbà. Tí méjèèjì bá fèsì tí Chrome ò sì ṣí, ẹ dán Edge wò, ó lè jẹ́ Chrome nìkan ni wọ́n dí, tàbí port 443 táwọn sáìtì https ń gbà. Tí ping bá dákẹ́ pátápátá, ẹ má tíì jáyà, firewall míì máa ń dí ping fúnra ẹ̀.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Firewall tí Windows gbé wá, nǹkan tó ń bọ̀ láti ìta ló ń dá dúró, kì í dí ohun tó ń jáde lọ́nà, àfi tẹ́nì kan bá lọ kọ òfin síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ antivirus ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, pàápàá èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá tí free trial ẹ̀ ti parí tẹ́nikẹ́ni ò yọ ọ́, torí púpọ̀ nínú wọn ló ní firewall tiwọn lọ́tọ̀. VPN, áàpù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì yín gba ibòmíì kọjá, òun náà ńkọ́? Kill switch ẹ̀ á ti gbogbo ọ̀nà pa tí VPN bá ti já. Ẹ pa firewall inú antivirus yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dán bráwúsà wò, kẹ́ ẹ tàn án padà kíá. Tó bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn nìyẹn: ẹ wá Chrome nínú lísìtì áàpù ẹ̀, ẹ fún un láyè, àbí kẹ́ ẹ kúkú yọ antivirus náà tẹ́ ò bá sanwó ẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ bá ti rísítáàtì Windows á gba iṣẹ́ ìṣọ́ padà. Àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ pa firewall kẹ́ ẹ fi í lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn.

Tó bá jẹ́ ti Windows gan-an, ẹ ṣí Windows Security, Firewall & network protection, Restore firewalls to default. Gbogbo àyè tẹ́ ẹ ti fún áàpù tẹ́lẹ̀ ló máa pa rẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì? Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe àwọn IT yín.

Tí fóònù náà ò bá bráwùsì, ẹ wọ inú router, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún yín ní Wi-Fi: ẹ tẹ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 sínú bráwúsà, pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ router náà. Ẹ wo MAC Filter, tó ń fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dí i, àti Parental Control, táwọn òbí fi ń dí íńtánẹ́ẹ̀tì ọmọ, bóyá wọ́n ti dí ẹ̀rọ yín. Kẹ́ ẹ tó tẹ reset, ẹ ya fọ́tò ojú ewé APN tàbí PPPoE, ìyẹn ètò tí router fi ń so mọ́ iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín, nítorí reset á nù ún dànù pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi yín.