Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ gáàsì ilé yín fún ẹnikẹ́ni

Pọ́ḿbà tó fa omi wọ ilé yín lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kó má sì mọ nǹkan kan nípa gáàsì. Ní Èkó, ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ti ń parí lọ ní Súrùlérè tàbí Ṣómólú, onílé fẹ́ kí àgbá gáàsì wà níta, kí páìpù gbé e wọ ilé ìdáná, kí hítà onígáàsì tó ń gbóná omi náà wà lára ògiri. Pọ́ḿbà wà nílẹ̀, ló bá ní: "Ọ̀gá mi, èmi náà á ṣe é, páìpù náà ṣáà ni." Àmọ́ omi tó bá jò á rin ògiri, gbogbo ilé á rí i. Gáàsì tó bá jò, imú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, òórùn yẹn gan-an, wọ́n fi sí i ni, torí gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Gáàsì tí à ń rà ní kiló tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gba òkè fèrèsé jáde. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, á wọ gọ́tà, á kó jọ sábẹ́ kábọ́ọ̀dù, títí ẹnìkan á fi ṣáná tàbí tí fíríìjì á fi ta iná pàrà.

Ní Bìrìtéènì, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti fọwọ́ kan bọ́ílà gáàsì nínú ilé gbọ́dọ̀ wà nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣe iṣẹ́ gáàsì, tó rọ́pò ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CORGI ní 2009, ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ ló sì ń sọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe. Níbí, oríṣiríṣi ìwé lẹ máa rí, ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀, dára, Class III ni ti ìsàlẹ̀, Class I ni ti òkè. Ìwé NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà, lórí iṣẹ́ páìpù dára, ti àjọ ìdánwò Bìrìtéènì, City & Guilds náà dára. COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, ti ẹnjiníà ni. Ìwé àṣẹ NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó títa epo àti gáàsì, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń fún, kò fi hàn pé ẹni tó mú un wá bá yín mọ páìpù í jó pọ̀. Ẹ ka orúkọ tó wà lórí ìwé, kí ẹ bi í ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ gan-an, torí ọ̀gá lè ní ìwé kó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó dé ní oṣù tó kọjá ló máa rán wá.

Ìbéèrè tó bá bi yín kó tó dárúkọ owó ló tún sọ púpọ̀ ju ìwé lọ. Ẹni tó bá sọ iye lórí fóònù láì tíì rí ilé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì. Ẹni tó mọṣẹ́ á fẹ́ mọ iye ẹ̀rọ tó máa lo gáàsì náà lẹ́ẹ̀kan náà. Hítà tó ń gbóná omi lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ tó kiló kan ààbọ̀ gáàsì ní wákàtí kan tó bá ń ṣiṣẹ́ láì dáwọ́ dúró. Ẹ fi sítóòfù olójú mẹ́rin kún un, ó ti ju kiló 2 lọ. Rẹ́gúlétọ̀ ẹnu àgbá tí wọ́n kọ 1.5 kg/h (kiló kan ààbọ̀ ní wákàtí kan) sí lára kò lè gbé e: ẹni tó wà ní balùwẹ̀ á máa wẹ̀, iná ìdáná á máa rẹlẹ̀. Bákan náà, àgbá kékeré kì í lè yára sọ gáàsì tó wà nínú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ tó. Ara rẹ̀ á tutù, á máa làágùn, nígbà míì á di yìnyín, iná á sì rẹlẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lo àgbá kiló 50, tàbí kiló 25 méjì tí wọ́n so pọ̀, dípò 12.5 kan ṣoṣo.

Á tún béèrè ibi tí àgbá máa jókòó sí. Orí kọnkéré tó tẹ́jú, lóòró, lábẹ́ ibòji, níta gbangba. Kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹnu kànga, gọ́tà tàbí sọ́kàwéè, kò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ fèrèsé. Bí ẹ bá fẹ́ fi irin ká a nítorí olè, kí irin náà ní ihò nísàlẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ògiri ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ti èkejì, ibi tó bá a mu lè má sí rárá. Oníṣẹ́ tó bá lè là á mọ́lẹ̀ fún yín pé "ilé yìí kò gba páìpù gáàsì" ti jẹ́ èèyàn tó ṣeé bá lò.

Ẹ̀yin ni kí ẹ ra ohun èlò, bó bá tilẹ̀ tẹ̀lé yín lọ sí ọjà Orílé. Páìpù kọ́pà ni, kì í ṣe PVC omi. Téèpù funfun tínínrín tí pọ́ḿbà fi ń wé ẹnu páìpù omi kò tó fún gáàsì, ẹ béèrè èyí tó nípọn, tí wọ́n ṣe fún gáàsì. Họ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kó má gba inú ògiri kọjá, ẹ sì wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Fáàfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ wà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọwọ́ tó.

Hítà fúnra rẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Bí iná rẹ̀ kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ló ń tú jáde: kò lóòórùn, ojú kò rí i, orí fífọ́ àti òòyì ni èèyàn á kọ́kọ́ rí, ẹlòmíì á rò pé ibà ni. Ẹ má gbé e sínú balùwẹ̀, kí páìpù èéfín rẹ̀ jáde sí ìta pátápátá, kì í ṣe sí òkè síìlì. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka àkọlé ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún gáàsì inú páìpù ìlú wọn lọ́hùn-ún, ihò jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ibi tí gáàsì ń gbà jáde sínú iná, tóbi ju ti gáàsì àgbá wa lọ. Iná á ga, á pupa, á máa fi ẹ̀dú kun inú hítà. Ìwọ̀n gíga táǹkì omi náà ṣe pàtàkì: mítà 10 ló ń fún omi ní 1 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi tàbí gáàsì fi ń tì). Bí táǹkì bá fi mítà 2 péré ga ju hítà lọ, ọ̀pọ̀ hítà kò ní tan, ẹ ó sì máa pààrọ̀ bátìrì lásán.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ẹ dúró tì í. Kó tó so ẹ̀rọ kankan mọ́ páìpù, kó fi afẹ́fẹ́ tàbí nitrogen kún un, kó ti gbogbo ẹnu rẹ̀, kí ó so gáàjì tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ náà mọ́ ọn. Ẹ kọ̀ fún ọ̀sísíjìn inú àgbá wẹ́dà, kódà bó bá wà nítòsí: ó lè bá òróró inú páìpù jà, kó bú gbàmù. Ẹ wo gáàjì náà fúnra yín. Inú páìpù ilé, gáàsì wà ní nǹkan bíi 30 millibar (ìdá ẹgbẹ̀rún bar) péré, gáàjì tí wọ́n ṣe fún 10 bar kò ní mọ̀ nígbà tó bá jò díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ooru oòrùn lè rọlẹ̀ lára páìpù, kí ẹ sàmì sí ibi tí ọwọ́ gáàjì wà, kí ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ rárá, kó tú u wò. Lẹ́yìn tí gáàsì bá wọ̀ ọ́, kó fi omi ọṣẹ kun gbogbo ìsopọ̀, ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹni tó bá mú ìṣáná jáde láti fi wá ibi tó ń jò, ẹ ní kó fi ilé yín sílẹ̀ ní kíá.

Ẹ fi owó iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù pamọ́ títí ìdánwò yìí á fi yege, kí ó sì fi rísíìtì sílẹ̀ tí ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti ohun tí gáàjì kà wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́ gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀, bí wọ́n á ṣe ti fáàfù àgbá. Bí wọ́n bá gbóòórùn gáàsì, kí wọ́n má tan ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì pa èyí tó wà ní títàn, kí wọ́n ti fáàfù, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n jáde, kí wọ́n tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767, láti ìta.