Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ọmọ mẹ́ta ní Kábà: bí mo ṣe ń tò ó

Àbúrò mi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ bi mí bí mo ṣe ń ṣe é tí ilé kì í fi í dàrú. Ilé ń dàrú o. Ṣùgbọ́n mo máa ń mọ ọjọ́ tí yóò dàrú, mo sì ti múra dè é.

Ròsítà, ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti àsìkò tí oníkálùkù yóò ṣiṣẹ́, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ya á sí fóònù, kí o sì tún un kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bírò pupa ni mo fi ń kọ iṣẹ́ alẹ́. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n bó bá ti rí pupa, ó mọ̀ pé bàbá ni yóò wẹ òun.

Bàbá wọn ń kọ́ni ní Ìyàrá, aago mẹ́ta kọjá ló ń délé. Iṣẹ́ ọ̀sán mi sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì. Ìyá alákàrà iwájú ilé wa ló ń bá mi mójú tó wọn láàárín ìgbà náà. Owó ni mo ń fún un lóṣooṣù, mi ò fi ṣe oore. Ẹni tó ń ṣe oore lè ní ọwọ́ òun dí lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ alẹ́ ni kí o bẹ̀rù. Mo délé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀wà kaná, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Èéfín ló jí mi, ọmọ ń wúkọ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ti ń se ọbẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán kí n tó lọ. Bí mo bá dé, oorun ló kàn. Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ ní obìnrin wo ló ń sùn nígbà tí oòrùn ti yọ. Mo fi ìkòkò náà hàn wọ́n.

Bí o bá ń fọ́mọ lọ́mú, òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ ní wákàtí méjì lóòjọ́, fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsinmi ìbímọ. Bí kì í bá ṣe wọ́n ló gbà ẹ́ síṣẹ́, béèrè tìrẹ kí o tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wàrà tí o bá fún sílẹ̀ láìsí yìnyín kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nínú ooru oṣù kẹta, èmi kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, inú kúlà ni mo ń kó o sí. Ife ni kí wọ́n fi fún ọmọ, ó rọrùn láti fọ̀ ju ìgò olórí rọ́bà lọ.

Aṣọ iṣẹ́ mi kì í wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń bọ́ ọ sí, inú omi ọṣẹ tààrà, n óò sì fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Àbíkẹ́yìn ti mọ̀ ọ́n: bó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà, á gbé ike omi síta, á wá dúró lókèèrè, á na ọwọ́ méjèèjì, á máa pariwo pé, "Màmá, ṣé ẹ ti fọwọ́ tán?"