Iná ẹ̀yìn mọ́tò mi tó ń ṣe bí àbíkú

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi bá iná ẹ̀yìn mọ́tò mi fà á, bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rídìí ẹ̀ tán, iṣẹ́ tó fẹ́ ò ju wákàtí kan lọ. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wa mọ́tò tiẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi lálẹ́ ọjọ́ kan, bá a ṣe délé ló ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé iná ẹ̀yìn yín ń ṣe nǹkan? Tẹ́ ẹ bá ti tẹ bíréèkì, dípò kí tọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀ sí i, ṣe ló ń kú lọ." Mo ní irọ́ ni, mo ní kó wá jókòó kó tẹ̀ ẹ́ kí n wò ó. Lóòótọ́, tòsì mọ́lẹ̀ kedere, tọ̀tún wá pọ́n bàìbàì bí fìtílà tí epo ń tán nínú ẹ̀. Mo tún ní kó tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, iná alẹ́ tó yẹ kó kàn dúró jẹ́jẹ́ wá ń bá a ṣẹ́jú. Èyí tó wá ń dá mi lágara jù ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, tílẹ̀ bá gbẹ ó lè ṣe dáadáa fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, òjò á rọ̀ báyìí, ó tún ti dé. Àbíkú gan-an.

Mo ra gílóòbù. Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn ṣá. Gílóòbù ẹ̀yìn tèmi ní okùn iná méjì nínú, 5W fún iná alẹ́, 21W fún bíréèkì, èékánná méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò sì dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi ń wọlé, tí kò bá wọlé ẹ má fipá tì í, ẹ yí i padà ni. Mo fi tuntun síbẹ̀, iná dé, inú mi dùn, mo tiẹ̀ ti ń bú àbúrò mi pé ó kàn ń já mi láyà lásán. Ọjọ́ kejì òjò rọ̀, ó tún kú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe gílóòbù ló tún un ṣe, ọwọ́ mi tó mi àwọn waya ibẹ̀ jìgìjìgì nígbà tí mò ń yí gílóòbù ló jẹ́ kí wọ́n fara kanra fúngbà díẹ̀.

Mo bá lọ ṣí àpótí fíúsì. Àwòrán ẹ̀yìn ìdérí ẹ̀ ló sọ èyí tó jẹ́ ti bíréèkì fún mi, pupa ni, 10A nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé láì já (búlúù ni 15A, yẹ́lò ni 20A). Mo yọ ọ́, okùn inú ẹ̀ ò já, mo fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ó dún píì, ó dáa. Ibẹ̀ ni mo wá dúró tí mo bi ara mi pé kí ni mo tiẹ̀ wá débí, torí fíúsì kan náà ló ń gbé bíréèkì ọ̀tún àti tòsì nínú mọ́tò mi, tó bá jẹ́ òun ló já, méjèèjì ni ì bá kú pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni súìṣì tó wà lókè pẹ́dàlì bíréèkì. Ohun tó bá ń ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tí ò ṣe èkejì, a jẹ́ pé ibi tí ẹ̀gbẹ́ yẹn ti yà sọ́tọ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ká ní mo ti ro èyí kí n tó náwó gílóòbù ni! Ẹ má bínú kí n yà díẹ̀: ẹni tí fíúsì ẹ̀ bá ń já léraléra, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi 20A rọ́pò 10A, ẹ má sì fi bébà sílífà wé e, torí tí fíúsì ò bá já, waya ló máa jóná, waya ọ̀hún sì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ lé.

Bátìrì, mo wọ̀n ọ́n, 12.5V nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, 14.1V nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ibi tó wá fẹ́ yí mi lórí rèé. Mo yọ gílóòbù, mo gbé mítà sí DC 20V, mo fi ọwọ́ pupa ẹ̀ kan ibi tí iná bíréèkì ń gbà jáde nínú ihò gílóòbù, ọwọ́ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì láti ara irin mọ́tò), mo ní kí àbúrò mi tẹ bíréèkì. 12.3V! Pé pérépéré. Iná ń dé, gílóòbù ò jóná, kí ló wá ń ṣe é? Mo jókòó sórí búùtù níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé mítà kì í fa iná kan tó tó nǹkan, ṣe ló kàn ń tọ́ ọ wò, waya tó ti já tán tó ku ẹyọ bí irun kan á ṣì fi 12V hàn án. Ẹni tó bá ń sọ pé òun lágbára, ẹ gbẹ́rù lé e lórí ná kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Gílóòbù yẹn lẹrù. Mo dá a padà sáyè ẹ̀, mo wá ń wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn kọnẹ́tọ̀ nígbà tí bíréèkì ń tẹ̀, 12.3 ti di 7.4V. Mo gbé ọwọ́ pupa lọ sí waya dúdú tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì gílóòbù, ọwọ́ dúdú sí irin ara mọ́tò tó mọ́ dáadáa, mítà kọ 4.7V níbi tó yẹ kó wà ní nǹkan bí òdo, kó má ju 0.1V lọ.

Iná ń wọlé, ọ̀nà àbọ̀ ẹ̀ ló dí. Láti ọjọ́ yìí mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ mò ń pa làpálàpá! Ìgbà yẹn náà ni mo tó mọ ìdí tí iná alẹ́ fi ń bá tíráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, torí waya dúdú kan ṣoṣo ni gbogbo gílóòbù ẹ̀gbẹ́ yẹn jọ ń gbà padà, nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, iná ń wá ibòmíì gbà, ló bá ń yọ́ gba inú okùn iná ti ẹnìkejì ẹ̀ kọjá. Kó lè dá mi lójú, mo mú waya kan, mo so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì gílóòbù, mo fi ẹnu ẹ̀ kejì kan irin tó mọ́, àbúrò mi tẹ bíréèkì, iná là yàà. Òun gan-an pariwo láti iwájú pé "Bọ̀dá mi, ó ti ṣe!" bẹ́ẹ̀ kò lè rí ẹ̀yìn níbi tó wà, ara ògiri ló ti rí i.

Mo yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kí n tó fọwọ́ kan nǹkan míì, òun la máa ń kọ́kọ́ yọ, òun náà la máa ń dá padà kẹ́yìn. Mo ká aṣọ tó bo inú búùtù, mo tẹ̀ lé waya dúdú títí dé ìdí bóòtù kan tí wọ́n dè é mọ́ ara mọ́tò. Ẹ wo ìdọ̀tí! Ìpẹtà ti bo bóòtù, orí waya ti ní nǹkan gíríìnì lára bí ewé, mo fà á díẹ̀ báyìí, ìdajì okùn inú ẹ̀ já sí mi lọ́wọ́. Mo gé waya yẹn sẹ́yìn títí mo fi kan bàbà tó ń dán, mo fi orí tuntun sí i, mo fún un pa, mo fi sánpépà ha irin ara mọ́tò títí ọ̀dà fi kúrò tó ń kọ mọ̀nà, mo ha ojú bóòtù náà, mo wá dè é le. Lẹ́yìn tó le tán ni mo tó fi gíríìsì bò ó lókè kí omi má bàa ráyè, ẹ má fi gíríìsì ṣáájú o.

Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún, ibo ló ti ń wá? Rọ́bà tó yí iná ẹ̀yìn ká ló ti là, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń gba ibẹ̀ ṣàn sórí bóòtù yẹn tààrà. Ká ní mi ò pààrọ̀ rọ́bà yẹn ni, oṣù díẹ̀ sí i a tún jọ wà níbẹ̀ ni.

Mo dá bátìrì padà, mo tún wọ̀n ọ́n, 4.7V ti di 0.04V. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà yẹn, mo ń jáde lọ wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, kò sóhun tó ṣe é. Rédíò ló kù báyìí, látìgbà tí mo ti yọ bátìrì ló ti ń bèèrè kóòdù lọ́wọ́ mi, mi ò sì rántí ibi tí mo kọ ọ́ sí.