Kí ẹ tó ṣán igbó ilẹ̀ tuntun yín

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó lọ sílé tuntun lẹ́bàá Àkúrẹ́, lọ́nà Ìdànrè tàbí lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun igbó yẹn. Mo mọ̀ pé ó yá, kò sì náni lówó, àmọ́ oko kòkó aládùúgbò wà nítòsí, nínú ọyẹ́ iná á ti débẹ̀ kí ẹ tó pọn omi. Ẹ gba lébìrà kó ṣán an, kó kó o jọ sójú kan kó jẹrà.

Kí àdá tó kàn án, ẹ kọ́kọ́ yí ilẹ̀ náà po. Bí ẹ bá rí èso tó jọ ẹ̀wà tí irun pupa bò, wérepè nìyẹn. Òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ ni kí ẹ gé e, tàbí kí ẹ wọ́n omi sí i, kí irun rẹ̀ má bàa fò. Tó bá ti kàn yín, ẹ má họ ara o!

Ewé Akíntọ́lá ò le, ẹ hú u tìdítìdí. Èkan ni wàhálà. Àdá ò ràn án. Ọkọ́ ni kí ẹ fi wú gbòǹgbò funfun rẹ̀, kí ẹ ṣà á dànù, torí èyí tó bá kù sínú ilẹ̀ á tún hù.

Tí ọ̀pẹ bá wà níbẹ̀, ẹ bi àwọn onílẹ̀ kí ẹ tó gé e.

Ẹ má to igi ìdáná tàbí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù ti ògiri. Eku á kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ejò á tẹ̀lé e. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn náà: bí ìka bá gba ibẹ̀, kí káfíńtà kan rọ́bà sí i.