Bí a ṣe ń ra AC ilé tí kò ní sọ ẹni di oníbàárà gáàsì

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ fi tépù wọn yàrá náà. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 12 ní gígùn, AC 1 hp tó o. Pálọ̀ ń fẹ́ 1.5 tàbí 2 hp. Lára páálí, ẹ ó rí i pé 1 hp ni BTU (ìwọ̀n agbára ìtutù AC) 9,000, 1.5 hp ni 12,000, 2 hp ni 18,000. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń yan ògiri yín, tàbí tó jẹ́ dẹ́kìn ló wà lórí yín, ẹ fi ìpele kan kún un. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. AC tó bá tóbi ju yàrá lọ á ti pa ara rẹ̀ kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán. Òtútù á mú yín, bẹ́ẹ̀dì á sì máa rin.

AC inverter ni kí ẹ rà, èyí tó ń dín eré ara rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un, kì í ṣe inverter oníbátìrì. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, àmọ́ kì í ta gìrì nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ní máa kérora. Àwa tí wọ́n fowó kún iná wa ní Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù) ní oṣù kẹrin ọdún 2024 mọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn ṣọ́ mítà. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èmi kì í rà á.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí. Ọ̀bẹ kékeré ni mo máa ń mú dání láti fi ha etí páìpù: bàbà á pọ́n títí wọnú, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn á funfun. Bàbà ni kí ẹ gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e kọ́ ni iṣẹ́ máa ń bàjẹ́. Inú ẹ̀rọ ìta ni gáàsì tó ń mú AC tutù wà láti ilé iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù àti ẹ̀rọ inú ilé. Afẹ́fẹ́ yẹn, tòun ti ọ̀rinrin rẹ̀, gbọ́dọ̀ jáde pátápátá kí wọ́n tó tú gáàsì sílẹ̀. Vacuum pump ló ń fà á jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á tú gáàsì díẹ̀, á ṣe “ṣíì”, wọ́n á fún nọ́ọ̀tì pa, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ti jáde. Kò jáde tán o! Ọ̀rinrin tó kù á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì kọ́mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, á di ásíìdì, á máa jẹ wáyà inú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe ti pálọ̀ mi nìyẹn. Kíá ni wọ́n ṣe é tán, mo tún ń yìn wọ́n. Kò pé ọdún kan tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ jó. Nígbà tí wọ́n da ọ́ìlì rẹ̀ jáde, ó dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n dà jáde lára mọ́tò, òórùn rẹ̀ sì ń ta ni nímú.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba oníṣẹ́, ẹ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní vacuum pump?” Bí kò bá ní, kó lọ yá a. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì. Ìṣẹ́jú 30 ni kí pọ́ǹpù náà fi ṣiṣẹ́, bó ti wù kí oníṣẹ́ máa kánjú tó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ti gáàjì (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú páìpù), kí wọ́n pa pọ́ǹpù, kí gbogbo yín jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ gáàjì. Bó bá kúrò lójú kan, ibì kan ń jò. Kí wọ́n gé ẹnu páìpù, kí wọ́n tún un fẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti tú gáàsì tán, ẹ po ọṣẹ dúdú sínú omi, kí ẹ fi fóòmù pa á yí gbogbo nọ́ọ̀tì ká. Ibi tó bá ń yọ ìfófó ló ń jò. Ẹni tó bá sì ń bèèrè owó gáàsì lórí AC tuntun tí páìpù rẹ̀ kò gùn ju ti inú páálí lọ, ẹ bi í pé ibo ni ti ilé iṣẹ́ wọlẹ̀ sí.

Irin tí ẹ̀rọ ìta máa jókòó lé, ọ̀dọ̀ wẹ́ẹ́dà ni mo ti ń ṣe é. Ti ọjà fẹ́lẹ́ jù. Wáyà tirẹ̀ ni kí ẹ fà wá láti bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹsiténṣàn.

Ẹ mú díẹ̀ lára owó iṣẹ́ dání. Ẹ tan AC, kí ẹ fún un ní wákàtí kan. Omi gbọ́dọ̀ máa kán níta lẹ́nu rọ́bà ìdomi, kí ògiri inú ilé sì gbẹ. Ìgbà náà ni kí ẹ san ìyókù.