Bó O Ṣe Lè Bọ́ Sẹ́nu Iṣẹ́ Lẹ́yìn Iléèwé

Bó o bá ṣì jẹ́ àgùnbánirọ̀, má dúró dìgbà tó o bá gba ìwé-ẹ̀rí kó o tó múra. Nínú ₦77,000 tí ìjọba ń san lóṣù, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀ pa mọ́. Ìparí oṣù ni owó iṣẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni onímọ́tò ń gba tiẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ tó já fáfá bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì torí owó ọkọ̀.

Kí ọjọ́ ìwọṣẹ́ tó pé, lọ dán ọ̀nà wò láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí ọ̀nà Ìkòròdú ṣe ń rí lọ́jọ́ Àìkú kọ́ ló ń rí lọ́jọ́ Ajé.

Gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kó o kà á tán: iye owó oṣù, oṣù tí wọ́n máa fi dán ọ wò, ọjọ́ ìsinmi. Béèrè owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15. Ìwọ lo máa yan iléeṣẹ́ tí yóò tọ́jú owó náà, nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ á sì máa tẹ̀ lé ọ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn.

Tówó oṣù àkọ́kọ́ bá wọlé, fi nǹkan ránṣẹ́ sáwọn òbí rẹ, kí wọ́n gbàdúrà sí i. Àmọ́ iye tó o lè máa fún wọn lóṣooṣù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n á máa retí.

Iṣẹ́ gan-an ló ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Ní iléèwé, máàkì 50 á gbé ọ kọjá. Nínú ìṣirò tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, nọ́ńbà kan tó ṣì ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún ọ, má kàn sọ pé "Ó dáa, sà" kó o lọ jókòó. Mú bírò, kó o béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ? Ta ni kí n gbé e fún? Ṣé mo lè rí èyí tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá?" Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí inú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí lo ti máa mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ níbẹ̀. Bó bá sì há ọ lọ́wọ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Má dúró dàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á.

Máa kí gbogbo èèyàn, dírẹ́bà àti ẹni tó ń gbálẹ̀ pẹ̀lú. "Ẹ" ni kó o máa fi bá ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ sọ̀rọ̀, bó tiẹ̀ kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, àfi tóun fúnra rẹ̀ bá ní kó o má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.